Bí Mo Ṣe Fi Igi Mú Omi Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Wa Gbóná, àti Ohun Tí Igi Tútù Fojú Mi Rí

Ọkùnrin tí ó ta igi ìdáná fún mi gba owó igi gbígbẹ, igi tútù ni ó sì kó wá. Owó náà ṣì ń dùn mí títí di òní, òun gan-an ni ó sì mú mi jókòó kọ ìrírí yìí, nítorí mo mọ àwọn ọmọ Yorùbá mélòó kan níhìn-ín ní Maryland tí wọ́n ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìnkùlé, tí òtútù omi kì í jẹ́ kí wọ́n wọ inú rẹ̀ títí oṣù kẹfà fi ń wọlé, tí wọ́n sì ti ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí àwọn náà fi igi dán an wò.

Owó gáàsì ni ó kọ́kọ́ lé mi dé ìdí igi. Adágún wa ní Prince George's County ń gba nǹkan bíi 15,000 gálọ́ọ̀nù omi. Gálọ́ọ̀nù omi kan wúwo tó pọ́n-ùn 8.34, BTU kan, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ooru, ni ó sì ń fi dígírì Fahrenheit kan kún ooru pọ́n-ùn omi kan, nítorí náà dígírì kan péré lára adágún wa ń jẹ nǹkan bíi 125,000 BTU. Gálọ́ọ̀nù gáàsì propane kan kò ju 91,500 BTU lọ, ẹ̀rọ tí ó ń jó o kò sì lè fi gbogbo rẹ̀ sínú omi. Kí omi tó ti 65 dé 80, gáàsì bíi gálọ́ọ̀nù 25 ti lọ, a kò sì tíì ka èyí tí òru yóò gbà padà. Nígbà tí ìwé owó gáàsì dé, ìyàwó mi kà á tán, ó gbé e síwájú mi, kò sì sọ ohunkóhun. Mo pa ẹ̀rọ gáàsì ní ọjọ́ náà.

Kíkọ́ ààrò náà kò le, n kò sì ní fi í gba àkókò yín. Ẹ̀gbọ́n kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní Baltimore bá mi fi irin nípọn-nípọn ṣe àpótí iná. A fi bíríkì tí iná kì í fọ́ tẹ́ inú rẹ̀, a sì gbé páìpù tí a ká róbótó sí òkè iná. Páǹpù kékeré kan ń fa omi láti inú adágún, ó ń tì í gba inú páìpù náà kọjá, ó sì ń dá a padà. Irin tí kì í dípẹtà, oríṣi 316, ni a lò. Àwọn ènìyàn yóò sọ fún yín pé kí ẹ ra bàbà nítorí pé ó yá láti gba ooru, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n bí omi adágún bá ti kan díẹ̀ ju bí ó ti yẹ, yóò máa jẹ bàbà náà, èyí tí ó bá sì yọ́ sínú omi ni yóò kun ara ògiri adágún ní àwọ̀ ewé. Páìpù PVC funfun kò gbọdọ̀ sún mọ́ ààrò, nítorí kò ṣeé lò fún omi tí ó bá ju 140 dígírì lọ. Irin ni a fi ṣe apá tí ó kọ́kọ́ jáde láti inú iná. A kò sì fi fáàfù kankan sí ọ̀nà tí omi gbígbóná ń gbà jáde, kí omi tí ó bá hó má baà há sínú páìpù kí ó sì bú gbàmù. Iṣẹ́ náà dára, mo sì ń fi í yangàn níwájú ẹnikẹ́ni tí ó bá wá kí wa.

Lẹ́yìn náà ni igi dé. Kọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń ta igi níhìn-ín: igi tí a tò ní ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, 4 ní gíga, 8 ní gígùn, tí gbogbo àyè rẹ̀ jẹ́ 128 ẹsẹ̀ bàtà oníkúbíìkì. Óákù ni ó kó wá, ó sì búra pé ó ti lé ní ọdún méjì tí wọ́n ti gé e. A dáná sí i ní òwúrọ̀ Sátidé. Iná náà ràn, ṣùgbọ́n kò jó. Èéfín funfun bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ó rékọjá ọgbà lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa, ẹni tí ó sì ń sá aṣọ lọ́wọ́ ní àkókò yẹn. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ooru omi kò tíì fi dígírì méjì lé sí i. Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní igi òun kò ní àbùkù, pé ààrò mi ni kò gba afẹ́fẹ́ tó.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó dá wa dúró. A gbà á gbọ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tí kò bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n tún ti Baltimore wá. Ó fẹ ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ ààrò, ó fi kún gíga páìpù èéfín, ó yẹ páǹpù wò, ó sì fi ọwọ́ wọn bí omi ṣe ń tú jáde. Kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Nígbà tí a ṣí òkè àpótí iná, a rí i pé ọ̀dà dúdú ti bo páìpù náà yíká, ó ń dán, ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́, a sì fi ọ̀bẹ ha á títí ọwọ́ fi ń ro wá. Omi tútù ni ó ń gba inú páìpù yẹn kọjá, nítorí náà èéfín tí ó bá fara kàn án ń dì mọ́ ọn lára, ọ̀dà tí ó bá sì ti bò ó kì í jẹ́ kí ooru dé ibi tí omi wà.

Ẹ̀gbọ́n wo ìdí igi kan tí ó ń jó lọ́wọ́. Omi ń hó ṣùùù ní ẹnu rẹ̀, ìfófó sì ń yọ láti inú igi náà. Ó ní, "Àbúrò, ààrò yìí kò ní àìsàn kankan. Igi yín ni kò gbẹ." Mo lọ ra ẹ̀rọ kékeré tí ó ń wọn omi inú igi, èyí tí ó ní ẹnu abẹ́rẹ́ méjì. Mo la igi kan sí méjì, mo gún un ní inú ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ là: omi jẹ́ ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo la òmíràn: 41. Omi inú igi tí a máa fi dáná kò yẹ kí ó ju 20 lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó ń bí mi nínú níbẹ̀. Láti mú kí pọ́n-ùn omi kan hó kúrò nínú igi, iná ní láti ná ju 1,100 BTU lọ, ooru yẹn kò sì dé inú adágún láéláé. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kọ́ ni òfò ńlá. Òfò ńlá ni pé omi náà kò jẹ́ kí iná gbóná tó láti jó èéfín, bẹ́ẹ̀ èéfín funfun yẹn jẹ́ ara igi tí ó yẹ kí ó jó. Igi tí mo sanwó fún ni ó ń gba ojú ọ̀run lọ, tí ìyókù rẹ̀ sì ń di ọ̀dà sí mi lára páìpù. Nígbà tí mo ka iye tí ẹ̀rọ wọ̀n fún ọkùnrin náà lórí fóònù, ó ní òjò ni ó pa igi náà lójú ọ̀nà. Òjò kì í wọ àárín óákù tí a kò tíì là. Kò dá kọ́bọ̀ padà.

Ohun tí ó gbà wá sílẹ̀ wà ní ìtòsí. Ní ọdún 2002 ni wọ́n rí kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tí ó ti Éṣíà wá ní Michigan, kòkòrò tí ó ń pa igi tí wọ́n ń pè ní ash. Ní ọdún 2003, wọ́n rí i níhìn-ín ní Prince George's County, nítorí pé ẹnì kan kó àwọn igi kékeré tí wọ́n fẹ́ gbìn láti Michigan wá lòdì sí òfin. Láti ìgbà náà ni ash ti ń kú lóòró káàkiri àdúgbò. Aládùúgbò wa tí èéfín bà láṣọ jẹ́ ní òkú ash kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn pé a fẹ́ bá a gbé e kúrò. Nígbà tí a ṣí èèpo rẹ̀, ipa ọ̀nà tí ọmọ kòkòrò náà jẹ lọ wà lára igi, ó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ó kún fún ìyẹ̀fun. Omi inú ash kò pọ̀ kódà nígbà tí ó wà láàyè, èyí sì ti gbẹ lóòró. 17 ni ẹ̀rọ kà. Àdúgbò tí a ti gé e ni a ti jó o, nítorí pé gbígbé irú igi bẹ́ẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn ni ó ń tan kòkòrò náà kálẹ̀.

Iná yẹn jó! Èéfín rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé rí, ooru omi sì ń fi dígírì kan lé sí i láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì. Àwọn ọmọ wọ inú adágún ní oṣù kárùn-ún.

Bí mo bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìbòrí adágún ni n bá kọ́kọ́ rà, kí n tó ra irin kankan. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ ọ́ pé pọ́n-ùn omi kan tí ó bá gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ láti inú adágún tí ó wà ní 80 dígírì ń gbé 1,048 BTU lọ pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀nà yìí sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ooru adágún ń gbà lọ. Wọ́n ní ìbòrí lè dín owó ìmúgbóná kù ní ìdá 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn tí ó ta nǹkan fún mi tí ó sọ èyí fún mi.

N bá sì mú ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ méjì yẹn lọ́wọ́ dúró de ọkọ̀ igi. Ẹ la igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ìsàlẹ̀ ẹrù kí wọ́n tó já a sílẹ̀. Bí ó bá ju 20 lọ, ẹ má sanwó. Òfin èéfín yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín àti àwọn panápaná kí ẹ tó jó irin kankan pọ̀. Ẹ má sì pa páǹpù nítorí pé ọwọ́ iná ti wálẹ̀: bíríkì ṣì gbóná, omi tí kò bá rìn yóò hó sínú páìpù. Mo ti so tèmi mọ́ bátìrì kan báyìí, nítorí ìjì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa mú iná mànàmáná lọ ní àdúgbò wa.