Mo fi owó àpò mi ṣe máàpù ní Káírò

Mo rò pé gínéì márùn-ún (gínéì ni owó Íjíbítì) ni mo fún ọkùnrin tó ń ta tíì nítòsí mọ́ṣáláṣí Al-Azhar. Àádọ́ta ni mo fún un. Bí òdo tiwa ni márùn-ún Lárúbáwá ṣe rí, róbótó. Òdo tiwọn sì jẹ́ ẹ̀kán kékeré kan tí ojú mi kò rí. Kéwú tí mo kà ní kékeré kò gbà mí lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó yí owó náà padà, ó nàka sí 50 tí àwa náà lè kà, ó sì dá a padà fún mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ojú méjì ni owó Íjíbítì ní. Ojú kan, Lárúbáwá pátápátá, mọ́ṣáláṣí ló wà níbẹ̀. Ojú kejì, Gẹ̀ẹ́sì, ohun ayé àwọn Fáráò ló wà níbẹ̀. (Gínéì fúnra rẹ̀, orúkọ owó wúrà àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, orúkọ etí òkun Guinea níhà tiwa níbí ni wọ́n sì fi pe owó yẹn, torí wúrà tó ti ibẹ̀ wá.)

Àbúrò mi tó ń kàwé ní Al-Azhar ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí tó wà lára owó yẹn, ẹsẹ̀ lásán la lè fi rìn dé ọ̀dọ̀ wọn." Mo ní ó di ọ̀la nìyẹn.

Kíkó owó jọ ló kọ́kọ́ yọ wá lẹ́nu. A ní 5, 20, 50, 100 àti 200. Mẹ́wàá ló ku. Gbogbo ibi tí a bá ti gba ṣéńjì, mẹ́wàá onírọ́bà tí wọ́n gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2022 ni wọ́n ń fún wa, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bíi ogún náírà wa. Mọ́ṣáláṣí Al-Fattah Al-Aleem ló wà lára ìyẹn, olú-ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sínú aṣálẹ̀ ló sì wà, Hatshepsut, obìnrin tó dé adé Fáráò, wà lẹ́yìn rẹ̀. A kò lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kẹrin la ti rí mẹ́wàá bébà, ó ti gbó, ó ti ń ya.

Láti Al-Azhar, a gba ẹnubodè Bab Zuweila kọjá, a já sí àdúgbò Darb al-Ahmar. Ibẹ̀ ni mọ́ṣáláṣí tó wà lára 50 wà. Qijmas al-Ishaqi ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1480, ṣùgbọ́n Abu Hurayba, àlùfáà tí wọ́n sin síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ló gba orúkọ mọ́ lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo gbé owó sókè, mo fi wé e, àwọn ọmọdé yí wa ká.

A rìn títí a fi dé ìsàlẹ̀ òkè Citadel, odi ológun àtijọ́ Káírò. Mo yọ 100, mo dúró síwájú mọ́ṣáláṣí ńlá kan, mo ń wá ohun tó wà lára owó, n kò rí i. Àbúrò mi dì mí léjìká, ó yí mi padà. Al-Rifa'i ni mo ń wò, òun ló wà lára mẹ́wàá. Sultan Hassan tó wà lára 100 wà lẹ́yìn mi, wọ́n kọjú síra wọn. Sultan Hassan ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún. 1912 ni wọ́n parí Al-Rifa'i. Wọ́n pa ọba tó kọ́ Sultan Hassan kí iṣẹ́ ibẹ̀ tó parí, wọn kò sì rí òkú rẹ̀ sin síbẹ̀.

Inú Al-Rifa'i ni wọ́n sin Ọba Farouk sí. Ojú rẹ̀ ti wà lára owó Íjíbítì rí, kí àwọn ológun tó lé e kúrò lórí oyè ní 1952. Lónìí, kò sí ojú olóṣèlú kankan lára owó bébà tó wà lọ́wọ́ mi, kò dà bíi náírà tiwa. Àwọn tí ojú wọn wà níbẹ̀ ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, kò sẹ́ni tó lè bá wọn du ìbò.

Mọ́ṣáláṣí ara 200, ti Qanibay, olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin Sultan, wà nítòsí ibẹ̀. Kò tóbi. Ẹ̀yìn owó yẹn ni mo fẹ́ràn jù: akọ̀wé kan tó kásẹ̀ jókòó, ìwé lórí itan. Owó tó tóbi jù lọ, wọn kò fi ọba sí i, akọ̀wé ni! Èmi tí mo ń fi kálámù jẹun, inú mi dùn. Ti Muhammad Ali tó wà lára 20, orí òkè Citadel ló wà, ìsàlẹ̀ la ti wò ó.

Àsárì la dé Ibn Tulun, ti márùn-ún, tí wọ́n parí ní 879. Àtẹ̀gùn ilé gíga tí ládàánì ti ń pèrun ń yí i ká lóde. Mo gùn ún, mo yí owó padà lókè níbẹ̀. Hapi ló wà lẹ́yìn rẹ̀, òrìṣà ìkún odò Náílì: ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yà á pẹ̀lú ọmú àti ikùn ńlá, ó ń ru oúnjẹ bọ̀. Ìdídò Aswan tí wọ́n parí ní 1970 ti dá ìkún yẹn dúró. Hapi ṣì ń ru ẹrù rẹ̀.

Nígbà tí a ń padà, òùngbẹ gbẹ wá. Mo sanwó tíì, a mu ún, a kúrò níbẹ̀. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó yẹ àpò wò: mẹ́wàá gbígbó tí a torí rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni mo ti fún onítíì. Àbúrò mi ní ká lọ gbà á padà. Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ.