Fún ẹni tó fẹ́ sin ẹja betta nínú àpótí gíláàsì eléwé

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin ará Mọ̀pà àti Ìsánlú tẹ́ ẹ ń gbèrò betta, ọyẹ́ ti ń bọ̀ o. Omi rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tutù ju 24°C lọ. Tí NEPA bá mú iná lóru, ẹ yára fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé gíláàsì náà, ṣùgbọ́n ẹ má bo ojú omi pa, torí betta máa ń yọ ẹnu sókè mí.

Ní ti ewé, anubias ni kẹ́ ẹ gbìn. Nàìjíríà wa níbí náà ló ti ń hù. Ẹ má ri igi ìdí rẹ̀ tó nípọn mọ́ yanrìn, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Òwú lẹ ó fi so ó mọ́ òkúta.

Gíláàsì tó gba omi lítà 20 tó. Akọ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi sínú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!