Bẹ́ ẹ ṣe lè fọwọ́ ara yín ṣe nǹkan ìṣeré tó máa jẹ́ kí ìka ọmọdé já fáfá

Ìka ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò o, ẹ má tíì ro bó ṣe máa rẹwà. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, á máa tanná, á máa kọrin, àmọ́ bọ́tìnnì kan ṣoṣo lọmọ máa tẹ̀, ó parí. Fóònù gan-an ò yàtọ̀, ìka kan ni wọ́n fi ń rá a. Ọmọ tó máa de bọ́tìnnì yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ fúnra ẹ̀, tó máa di pẹ́ńsù mú dáadáa, ìka ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣa nǹkan, kó lè fún un, kó lè yí i.

Torí náà, ẹ wo ọwọ́ ọmọ yẹn ná. Kí ọ̀pọ̀ ọmọ tó pé ọdún 1, wọ́n á ti máa fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e he nǹkan wẹ́wẹ́ nílẹ̀, tó bá fi máa di ọdún 2 ààbọ̀ wọ́n á ti máa yí ìdérí ike, wọ́n á máa ṣí ìwé lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ní ọdún 3 wọ́n á máa sín ìlẹ̀kẹ̀ ńláńlá, ní ọdún 4 wọ́n á lè tú bọ́tìnnì díẹ̀. Ibi tí ọmọ tiyín bá dé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú iṣẹ́ ìka kan ṣoṣo fún nǹkan ìṣeré kan. Tẹ́ ẹ bá kó mẹ́rin pọ̀, èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló máa mú.

Èyí tó yá jù ni ike áísìkiriìmù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ la ìdérí ẹ̀ lójú bíi kóló, ẹ fi sáńpépà ra ẹnu ibi tẹ́ ẹ gé kó má gé ọmọ lọ́wọ́. Ìdérí tó fẹ̀ ni kó máa kì bọnú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo ìdérí ike omi fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún 3, ó lè há a lọ́fun. Ẹ mú páálí roboto tó máa ń kù láàárín tíṣù, ohunkóhun tó bá gba inú ẹ̀ kọjá ti kéré jù fún wọn.

Fún sísín nǹkan, Ẹ̀pẹ́ táwọn apẹja pọ̀ sí la wà, torí náà ẹ lọ bá àwọn tó ń ta àwọ̀n, ẹ ra fóòmù oníhò tí àwọn apẹja fi ń mú àwọ̀n léfòó, tuntun ni o, kì í ṣe èyí tó ti wọ omi. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni kó kọ́kọ́ fi máa sín in torí okùn máa ń ká lọ́wọ́, tó bá mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó fún un ní okùn, kí okùn yẹn kúrú tí ò fi ní ká a lọ́rùn. Ọmọ tó bá ṣì ń gé nǹkan jẹ, ẹ má fún un ní fóòmù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ayò. Ẹ wo ẹni tó ń ta ayò, ọmọ ayò wà látẹ́lẹwọ́ ẹ̀, àtàǹpàkò ń tì í bọ́ sórí ìka lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jù ú sínú ihò, ìyókù ò sì já bọ́. Irú ẹ̀ náà lọwọ́ ń ṣe tá a bá ń sún pẹ́ńsù láàárín ìka láìlo ọwọ́ kejì. Kíréètì ẹyin ní ojú 30, ẹ gé ìlà méjì tó ní ojú mẹ́fà-mẹ́fà, ó di 12 bíi ti ọpọ́n ayò. Ọmọ ayò 48 pọ̀ jù fún ọmọ ọdún 4 tàbí 5, ẹ fi méjì-méjì sójú kọ̀ọ̀kan, kó di 24. Méjì ni kó kọ́kọ́ dì mọ́wọ́, tó bá yá kó di mẹ́ta, mẹ́rin. Kí àbúrò ẹ̀ tó ń rákò má sí nítòsí o!

Ẹ má kun ọ̀dà tẹ́ ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, torí ó lè ní lẹ́ẹ̀dì tó jẹ́ májèlé. Bátìrì roboto kékeré àti mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi sí i rárá.

Ẹ jókòó tì í, ẹ má bá a ṣe é. Tó bá ti ń sú u, ẹ gbé e pa mọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, kẹ́ ẹ tó gbé e jáde padà ẹ la ojú tuntun tó tún tín-ín-rín sí ìdérí ike áísìkiriìmù yẹn, kó lè yí ọwọ́ ẹ̀ kó tó wọlé.