Iṣẹ́ ọwọ́ àti eré ìgbà ọyẹ́ fún ọmọ jẹ́léósinmi: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Tí oṣù September bá ti wọlé, ọ̀pọ̀ jẹ́léósinmi ní Ìbàdàn á ti gé bébà aláwọ̀ ọsàn ní ìrísí ewé, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, wọn á ní ìgbà tí ewé ń wọ́ ti dé. Inú ìwé àwọn òyìnbó ni wọ́n ti rí i. Lọ́dọ̀ tiwọn, bẹ́ẹ̀ ló rí: láti September dé November ni ewé igi wọn ń pọ́n tí ó ń já bọ́. Ní Ìbàdàn, òjò àrọ̀kúrò ló ń rọ̀ lásìkò yẹn, gbogbo igi ló tutù yọ̀yọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi ewé bébà hàn, tó bojú wo ìta tí kò rí èyí tó jọ ọ́, kò tíì kọ́ nǹkan kan nípa igi.

Ọyẹ́ ló ń gbọn ewé tiwa. Láti ìparí November wọ inú February, ẹ wo ìdí igi fúrúùtù tó wà nínú ọgbà ilé-ìwé yín: ewé ẹyọ kan lè ní àwọ̀ ewé, ìyeyè àti pupa fòò lára lẹ́ẹ̀kan náà. Igi tíìkì náà ń wọ́wé lásìkò yìí. Torí náà, ẹ sún iṣẹ́ ewé gbígbẹ sí ìparí sáà kìíní, kí ẹ parí rẹ̀ tí wọ́n bá wọlé ní January. Kí ọyẹ́ tó dé, ewé tútù ni kí ẹ lò.

Kíkó ewé lọ́sàn-án

Ewé tó bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́ á ti gbẹ háúháú kí ó tó di ọ̀sán. Ọmọ á dì í mú, á rún mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹkún dé nìyẹn. Agogo mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, ni kí ẹ kó o. Ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ tò ó sáàárín ìwé ìròyìn, mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀, kí ẹ gbé búlọ́ọ̀kù kan lé e. Ẹ pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà lọ́jọ́ kejì, torí omi ewé ti wọ inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ ẹ̀ á rí i pé ewé náà bu, pàápàá ewé fúrúùtù tó nípọn, tó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbẹ dáadáa. Inú ọ̀rá ló burú jù láti kó ewé sí, ó máa ń làágùn níbẹ̀ ni, á sì jẹrà.

Èyí tó bá ti rún, ẹ má jù ú nù. Ẹ fi gọ́ọ̀mù ya ìdí igi àti ẹ̀ka sórí káádíbọ́ọ̀dù, kí àwọn ọmọ fọwọ́ rún ewé náà kúná, kí wọ́n wọ́n ọn lé e lórí. Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ lè ṣe èyí láìsí ìrànlọ́wọ́, wọ́n sì máa ń gbádùn ariwo ewé yẹn ju àwòrán fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn kan tún máa ń gbá ewé jọ gegere kí ọmọ máa fò sínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rí i nínú fídíò. Ewé tó bá sùn nílẹ̀ mọ́jú nílùú wa, àkeekèé, ejò àti àfọ́kù ìgò lè wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ẹ bá gbá láàárọ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ lò, kí ẹ fi igi tú u ká lórí sìmẹ́ńtì kí ọmọ tó débẹ̀. Ọmọ tó bá ní asthma, ẹ wá eré mìíràn fún un, nítorí eruku inú ewé yẹn kì í ṣe kékeré.

Ewé tó kọjú sókè

Nígbà tí a bá ń fi kíréyọ̀nù ha bébà lórí ewé kí iṣan rẹ̀ lè hàn, ọ̀pọ̀ máa ń da ojú tó ń dán sókè, wọn á wá ní kíréyọ̀nù ò dára. Ẹ̀yìn ewé ni iṣan ti yọ síta. Ẹ̀yìn náà ni kó kọjú sókè. Ewé tútù ni kí ẹ lò, torí gbígbẹ á fọ́ lábẹ́ ọwọ́ ọmọ. Ewé gúáfà dára gan-an fún èyí. Ẹ bọ́ bébà ara kíréyọ̀nù kúrò, kí ọmọ dá a dùbúlẹ̀ fi ha á. Ṣónṣó rẹ̀ máa ń ya bébà. Kí ewé má baà sá, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ igun bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ tábìlì.

Èso tí kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì

Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà níbí, èyí wà lára àwọn tó lè gba ẹ̀mí. Tíṣà á ní kí ọmọ kó èso tó bá wù ú wá láti ilé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ológbò, tó pupa tó ní dúdú lójú, jẹ́ májèlé gidi. Èèpo rẹ̀ le, èyí ló ń tan àwọn èèyàn jẹ pé kò ṣe nǹkan; tí ẹ bá ti lu ihò sí i láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, tàbí tí ọmọ bá ti rún un lẹ́nu, ọ̀nà ti là fún májèlé náà. Èso lárà, tó ní tótòtó lára, bẹ́ẹ̀ ló rí. Olómi-òjò, òdòdó ìyeyè tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà níwájú ilé, májèlé wà nínú kóró rẹ̀, ọkàn ló sì máa ń bá jà. Bí ọmọ bá jẹ èyíkéyìí, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ mú èso náà dání, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Wèrèpè náà ń gbẹ lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé irun rẹ̀. Ẹ yẹ ọgbà wò kí àwọn ọmọ tó jáde. Bó bá ta ọmọ, ẹ má jẹ́ kó fi ọwọ́ ra á. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù ṣí irun náà kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́.

Ní ti títóbi: ohunkóhun tó bá lè gba inú ihò àárín róòlù tíṣù ilé ìgbẹ́ kọjá, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta má fi ṣeré. Ìdérí ike omi wà nínú rẹ̀, ọmọ ayò àti ẹ̀wà pẹ̀lú. Bí ẹ̀wà bá há sí ọmọ nímú, ẹ má da omi sí i, yóò wú sí i ni. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ṣùkù àgbàdo gbígbẹ ni ohun tó sàn jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí: ẹ tì í bọ àwọ̀, kí wọ́n yí i lórí bébà, ojú àgbàdo á jáde ní ìlà-ìlà.

Oje làpálàpá

A mọ̀ pé eré àtijọ́ ni: ọmọ á fi oje ewé làpálàpá fẹ́ ìfóófòó. Oje yẹn máa ń ta ojú, àbàwọ́n rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ. Ẹ po ife omi kan, ṣíbí ìjẹun méjì ọṣẹ ìfọbọ́ olómi àti ṣíbí kékeré kan glycerin. Inú ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń tètè bẹ́ ìfóófòó, glycerin ló ń mú un pẹ́, àárọ̀ kùtù sì dára ju ọ̀sán lọ.

Gọ́ọ̀mù àti ẹ̀kọ aládìrẹ

Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ lẹ bébà dáadáa. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí a da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú omi gbígbóná. Kókó ni yóò dì. Ẹ fi ààbọ̀ ife omi tútù po ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, kí ẹ da á díẹ̀díẹ̀ sínú ife omi kan ààbọ̀ tó ń hó, ẹ máa rò ó lórí iná kékeré títí yóò fi dán. Kò ju ọjọ́ méjì lọ kó tó kan.

Tí ẹ bá fẹ́ fi kọ́ wọn ní àdìrẹ, ẹ má ra ẹ̀kọ, ìyẹn sítáàṣì tí àwọn aládìrẹ ti sè sílẹ̀ láti fi ya aṣọ, torí àwọn kan máa ń fi álọ́ọ̀mù àti copper sulphate sí i. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ ìkòkò aró tí sódà wà nínú rẹ̀ rárá. Ẹ se sítáàṣì tó ki, kí ọmọ fi ìka ya òpó gígùn sórí aṣọ òwú funfun, bí òpó Gbọ̀ngàn Mápó tó wà nínú bátànì àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ìṣapá tó ti tutù sí i. Tí omi náà bá gbóná, sítáàṣì á yọ́, òpó á pòórá. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, ẹ rún aṣọ náà láàárín ọwọ́, ẹ̀kọ á bọ́ dànù.

Iyọ̀ lórí ọwọ́ tó là

Fúláwà ife méjì, iyọ̀ ife kan, omi ife kan: báyìí ni wọ́n ṣe ń po amọ̀ fúláwà. Ọyẹ́ ń la ọwọ́ ọmọ, iyọ̀ á sì ta á, ọmọ á kọ̀ láti fọwọ́ kàn án, tíṣà á ní ọ̀lẹ ni. Ẹ fi òrí pa á lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bébà ni kó kọ́kọ́ ṣe lọ́jọ́ yẹn, torí gọ́ọ̀mù ò ní mú lórí bébà tí òrí bá ti kàn. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi bo amọ̀ tó kù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, láàárín wákàtí kan ojú rẹ̀ á ti sán.

Ní ti àlùmọ́gàjí, ọmọ ọdún mẹ́ta lè máa ya bébà ná, bí kò bá tíì lè gé e. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè gé bébà líle tí ẹ ti là sí ìbú sẹ̀ǹtímítà méjì, ní gígé ẹ̀ẹ̀kan. Kí tíṣà má gé e fún un. Ewé ọgbọ̀n tó jọra lára ògiri, tíṣà ló ṣe wọ́n. Ẹ kọ orúkọ ọmọ sí ẹ̀yìn èyí tó wọ́, kí ẹ gbé e kọ́ bó ṣe wà.