Ọ̀pá slow pitch: ibi tí owó yín ń gbà wọ omi

Sátidé tó kọjá, a fẹ́ ti ọkọ̀ wọ òkun ní Àgbádárìgì nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan gbé ọ̀pá ìpẹja tuntun dé. Ọ̀rá ṣì wà lára ibi ìdìmú rẹ̀. Ó ní ẹni tó tà á fún òun sọ pé kò sí ẹja tí ò lè gbé. Mo bi í pé jíìgì, ìyẹn irin tí a fi ń tan ẹja, gíráàmù mélòó ni wọ́n ṣe é fún, kò mọ̀. Nígbà tó dárúkọ iye tó rà á, ó dùn mí wọra. Òun kọ́ ni àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí kí ẹ tó náwó lé ọ̀pá slow pitch, ìyẹn ọ̀nà ìpẹja tí a fi ń mú jíìgì jó díẹ̀díẹ̀ nínú omi jíjìn.

Àkọ́kọ́, ẹ má torí agbára ra ọ̀pá. Àwọn ará Japan ló gbé slow pitch kalẹ̀, Norihiro Sato sì lorúkọ tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún slow pitch tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń ta bí ọrun. Ẹ yí ríìlì, ẹ̀rọ tó ń ká okùn, díẹ̀, imú ọ̀pá á tẹ̀. Tó bá ta padà, á ju jíìgì sókè. Okùn á dẹ̀, jíìgì á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á máa fì bọ̀ nísàlẹ̀ bí ewé tó já. Ibi tó ti ń já bọ̀ yẹn ni ẹja ti sábà máa ń gbá a mú. Ọ̀pá tó le gbagidi ò lè ṣe é. Apá yín ni yóò máa ṣe é, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti rẹ̀ yín.

Ìkejì, ẹ má rà á fún ọ̀sà. Ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, ibi tí ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ ti ń kanlẹ̀ pọ̀ jọjọ. Omi jíjìn ni iṣẹ́ yìí wà fún.

Okùn tó nípọn náà ń kọ́? Ìṣàn omi á gbé e lọ, jíìgì ò ní kanlẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé: ẹ má fi ọ̀pá gbé ẹja. Mo ti ṣe é rí. Ẹja wúwo kan gbé jíìgì mi, mo sì na ọ̀pá sókè gbọnrangandan, bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Ó dún pàù. Ìdajì rẹ̀ yọ̀ tẹ̀ lé okùn wọ omi, èyí tó kù lọ́wọ́ mi yọ fọ́nrán dúdú ṣónṣó-ṣónṣó lẹ́nu. Okùn já, ẹja lọ. Owó oṣù mẹ́ta ni mo fi ra ọ̀pá yẹn, n kò lè sọ̀rọ̀ títí a fi gúnlẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pá ni kí ó mú jíìgì jó. Ríìlì ló ń bá ẹja jà. Tí ẹja bá ti gbé e, ẹ dojú imú ọ̀pá kọ omi, ẹ jẹ́ kí búrèkì ríìlì máa tú okùn fún un, kí ẹ máa ká a díẹ̀díẹ̀. Tó bá dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹ fi àwọ̀n gbé e. Mo ń pariwo ẹ̀ lórí omi títí ohùn mi fi ń há, síbẹ̀ wọ́n á tún nà án sókè!

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ tẹ imú ọ̀pá wò. Ẹ ti okùn gba inú àwọn òrùka ara rẹ̀, ẹ so jíìgì mọ́ ọn, kí ẹ gbé e. Kí imú rẹ̀ tẹ̀, kí ó sì padà dúró ṣinṣin. Èyí tó bá ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà gíráàmù tó wà lára rẹ̀. Omi tó jìn tó mítà 100, ẹ fi gíráàmù 100 bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń ṣàn, ẹ lọ sí 150 tàbí 200.

Ẹni tó bá sì ti ra ọ̀pá tó le gbagidi, kó má jù ú nù. Ó dára fún fífi ìdẹ kanlẹ̀, ohun tí ọ̀dọ́kùnrin yẹn sì fi tiẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn.