Bí Sítíárìn Ọkọ̀ Àtijọ́ Bá Ń Le: Ẹ Wá Ibi Tí Ọ́ìlì Ń Gbà Jáde Kí Ẹ Tó Ra Pọ́ǹpù

Ẹni tó ní ọkọ̀ tó ti pẹ́ lórí títì, tó jẹ́ pé agbára ọ́ìlì ló ń bá a yí sítíárìn, ni a kọ ìwé ìtọ́sọ́nà yìí fún. A gbà pé ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi jáàkì gbé ọkọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń lo sípánà, nítorí náà a kò ní dúró lórí ìyẹn. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí a kì í yé rí ló mú wa kọ ọ́: ọ́ìlì á fà, ọlọ́kọ̀ á bu òmíràn sí i, á sì máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí pọ́ǹpù yóò fi bàjẹ́, yóò wá ra tuntun, yóò sì dè é mọ́ họ́ọ̀sì tó ń jò kan náà tó pa ti àkọ́kọ́. Ọ́ìlì sítíárìn kì í jóná bí epo bẹntiróòlù. Ó kàn ń yí po láàárín pọ́ǹpù, họ́ọ̀sì àti ráàkì (ẹ̀rọ tó ń ti táyà iwájú sọ́tùn-ún tàbí sósì) ni. Bó bá ti dín kù, ó ti jò síta, ibi tó gbà jò sì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè yín.

Ẹ kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́ táyà iwájú. Iye tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ sẹ́bàá ilẹ̀kùn awakọ̀, ó sì sábà máa ń wà láàárín 30 sí 35 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ agbára afẹ́fẹ́ tàbí ọ́ìlì) fún ọkọ̀ kékeré. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ máa ń mú kí sítíárìn le, kò sì sí pọ́ǹpù tuntun tó lè wo ìyẹn sàn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iwájú ọkọ̀ lé ẹsẹ̀ irin méjì tó dúró gírígírí, kì í ṣe orí jáàkì nìkan, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì yí sítíárìn láti òpin dé òpin. Bó bá ń há níbì kan tó sì ń tú níbòmíràn, ẹ wo oríkèé irin tó wà nísàlẹ̀ òpó sítíárìn àti ball joint (oríkèé tó ń jẹ́ kí táyà yí) táyà iwájú, torí ó lè jẹ́ pé ìpata tàbí àìsí gíríìsì ló ń fà á.

Ẹ fi àtàńpàkò tẹ àárín fáànù bẹ́líìtì tó ń yí pọ́ǹpù. Kò yẹ kó wọlé ju nǹkan bíi 10 sí 13 mìlímítà lọ. Bẹ́líìtì tó ti dẹ̀ máa ń han goooro nígbà tí ẹ bá yí sítíárìn dé òpin. Pọ́ǹpù tí ọ́ìlì kò tó fún máa ń kùn ni. Ẹ má ṣe pa ohùn méjèèjì pọ̀. Bẹ́líìtì tí ọ́ìlì ti rẹ gbọ́dọ̀ kúrò, kí a kàn nù ún kò lè ràn án lọ́wọ́.

Iṣẹ́ gidi wá kàn. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ pọ́ǹpù, gbogbo họ́ọ̀sì àti ráàkì, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa, kí ẹ sì tẹ́ páálí tó mọ́ sísàlẹ̀ ọkọ̀. Kí ẹnì kan tan ẹ́ńjìnnì, kó sì máa yí sítíárìn lọ sọ́tùn-ún àti sósì nígbà 10, láìdi i mú ní òpin ju ìṣẹ́jú-àáyá 5 lọ, nígbà tí ẹlòmíràn ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò. Agbára ọ́ìlì nínú họ́ọ̀sì tó ti pọ́ǹpù jáde lè ju 1,000 psi lọ, ó sì lè wọ inú awọ ara lọ. Ẹ wo ẹ̀yìn wíìlì pọ́ǹpù, ojú ibi tí rọ́bà àti irin họ́ọ̀sì ti pàdé, àti kílíìpù họ́ọ̀sì tó ń dá ọ́ìlì padà. Ẹ tú kílíìpù rọ́bà tó bo ẹnu ráàkì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì fún un: bí ọ́ìlì bá dà jáde níbẹ̀, síìlì (rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró) inú ráàkì ti kú. Ọ́ìlì tó ń kán sórí páìpù èéfín tó gbóná lè gbiná, nítorí náà ẹ má wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ibì kan wà tí kì í kán rárá, ibẹ̀ gan-an ló sì ń tan ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì jẹ. Họ́ọ̀sì tó ń gbé ọ́ìlì láti inú ike tí ẹ ń bu ọ́ìlì sí wá sí pọ́ǹpù ń fa nǹkan mọ́ra ni, kò ti nǹkan síta. Bí O-ring (òrùka rọ́bà) tó wà ní ẹnu rẹ̀ bá ti gan, afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbà wọlé, kì í ṣe ọ́ìlì ni yóò máa gbà jáde. Ẹ ṣí ìdérí ike náà. Bí ọ́ìlì bá ti funfun, tó ń hó bí ọṣẹ, tí pọ́ǹpù sì ń kùn, ẹ tú họ́ọ̀sì yẹn, kí ẹ yọ O-ring náà, kí ẹ fi ọ́ìlì tó mọ́ pa tuntun lára kí ẹ tó fi sí i. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù tí wọ́n ti jù sórí ààtàn ni kò ní àrùn kankan ju O-ring yìí lọ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ike náà pẹ̀lú, nítorí pé asẹ́ wà nínú àwọn kan. Bí ìdọ̀tí bá dí i, pọ́ǹpù kò ní rí ọ́ìlì mu.

Ọ́ìlì tí wọ́n kọ sórí ìdérí tàbí sínú ìwé ọkọ̀ nìkan ni kí ẹ lò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ń lo ATF (ọ́ìlì jíà ọkọ̀ ọ̀tọ́máàtíìkì), ṣùgbọ́n Honda ní ti tirẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì kò gbọ́dọ̀ kan inú rẹ̀ láé, ìbáà jẹ́ ìkán kan: ó máa ń mú rọ́bà síìlì wú. Ẹni tó bá bu ú sí i nítorí pé òun ló wà nítòsí ti ba gbogbo síìlì jẹ́ ní ọjọ́ kan náà.

Lẹ́yìn àtúnṣe èyíkéyìí, ẹ gbọ́dọ̀ lé afẹ́fẹ́ jáde. Iwájú ọkọ̀ á ṣì wà lókè, ẹ́ńjìnnì á ṣì kú. Ẹ rọ ọ́ìlì dé àmì, kí ẹ yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀ láti òpin dé òpin nígbà 20, kí ẹ sì máa bu sí i bó bá ti ń lọ sílẹ̀. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, láìtẹ iná, kí ẹ tún yí i nígbà 10. Bí ìfófòó bá ṣì wà, ẹ pa á, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fo ìpele yìí ni yóò tún padà wá sọ pé pọ́ǹpù tuntun ń kùn.

Wáṣà bàbà tó wà ní ẹnu họ́ọ̀sì kì í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀méjì; ẹ fi tuntun sí i nígbàkígbà tí ẹ bá tú u. Họ́ọ̀sì tó ti pọ́ǹpù jáde kò ṣeé fi kílíìpù so pọ̀, odindi rẹ̀ ni ẹ óò pààrọ̀. Bó bá sì jẹ́ ráàkì ni ẹ pààrọ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ yí tie rod (irin tó so ráàkì mọ́ táyà) kọ̀ọ̀kan kó tó jáde, kí ẹ yí i padà ní iye kan náà sára tuntun, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ lọ fún àláímẹ́ǹtì (títo táyà kó dúró gún) kí ẹ tó kó ẹrù sínú rẹ̀.