Bẹ́ ẹ ṣe lè ya fọ́tò oòrùn àárọ̀ lórí Òkè Adó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bí mo ṣe ń rí oòrùn yẹn yà tó fi máa ń pọ́n bí epo, tí òjìji àwọn òkúta á tún gùn lọ rẹrẹ, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa jọ mọ̀ ọ́n. Kámẹ́rà olówó ńlá kọ́ ló ń ṣe é o. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló ń ṣe é. Ẹni tó bá dúró dìgbà tílẹ̀ mọ́ kó tó máa wá ibi tó máa dúró sí, oòrùn á ti yọ tán kó tó gbé fóònù sókè, bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn igi kan ni mo wà nígbà tó yọ, ó sì dùn mí gan-an.

Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, Òkè Adó ní Adó-Àwáyè ni mo máa ń lọ jù. Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn ò ju nǹkan bíi kìlómítà 35 lọ, láti Ìsẹ́yìn ẹ máa wọkọ̀ tàbí kẹ́ ẹ gun ọ̀kadà lọ sí Adó, bíi kìlómítà 20 nìyẹn. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà, ọ̀nà tuntun tó já sí Ìsẹ́yìn wà fún yín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rin òru. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ dé, kẹ́ ẹ sùn síbẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún ará ilé ibi tẹ́ ẹ lọ àti ìgbà tẹ́ ẹ máa padà.

Tẹ́ ẹ bá ti dé, ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà ìlú, ẹ sọ fún wọn pé ìdájí lẹ fẹ́ gòkè, kí wọ́n fún yín lẹ́ni tó mọ̀nà, ẹ sì fún onítọ̀hún lówó tó dáa torí oorun ẹ̀ ló ń fi sílẹ̀ nítorí yín. Òkè yẹn kì í ṣe òkúta lásán lójú wọn. Ibi tí wọ́n bá ní ẹ má dé, ẹ má dé ibẹ̀, pàápàá létí Iyake, adágún omi tó wà lókè níbẹ̀, èyí tí wọ́n bá sì ní ẹ má yà, ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an wá ni kẹ́ ẹ gòkè lẹ́ẹ̀kan, bíi aago mẹ́rin ààbọ̀. Àtẹ̀gùn 369 ló wà níbẹ̀, ẹ máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, ẹ máa sinmi. Tẹ́ ẹ bá dókè, ẹ wá nǹkan tó máa wà níwájú fọ́tò yín, torí oòrùn nìkan lójú ọ̀run, gbogbo ayé ló ní irú ẹ̀. Òkúta Ìṣagẹ̀ tó dúró gàgàrà yẹn dáa gan-an, àwọn igi tó hù láàárín àpáta náà dáa, ihò tómi òjò dúró sí tún dáa jù lójú tèmi torí ó máa ń gbé àwọ̀ ọ̀run. Ẹ ṣí kọ́ńpáàsì inú fóònù yín. Ní Disẹ́ńbà sí Jánúárì, oòrùn máa yọ lápá ọ̀tún tẹ́ ẹ bá kọjú sí ìlà oòrùn gangan, ní Júùnù á bọ́ sápá òsì. Tẹ́ ẹ bá ti rí ojú ibẹ̀, ẹ gbé òkúta kékeré kan síbi tẹ́ ẹ máa tẹ ẹsẹ̀ sí, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ kó tó ṣú.

Ní Jánúárì, nǹkan bí aago méje ni oòrùn máa ń yọ lọ́dọ̀ wa, ní Júùnù àti ìbẹ̀rẹ̀ Nòfẹ́ńbà bí aago mẹ́fà ààbọ̀. Kẹ́ ẹ ti wà nídìí òkúta yín ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú, torí àwọ̀ tó dáa jù kì í dúró de oòrùn, bí ìṣẹ́jú 20 sí 25 kó tó yọ ló ti máa ń wá. Oòrùn tiwa sì máa ń gòkè ṣánṣán ni, kì í lọ́ra, tó bá ti fi bí ìdajì wákàtí yọ, ìmọ́lẹ̀ ti funfun, ó ti tán.

Tọ́ọ̀ṣì orí ni kẹ́ ẹ lò kọ́wọ́ yín méjèèjì lè ṣófo, bàtà tó lẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣòkòtò gígùn nítorí ejò, súẹ́tà, omi. Ibi tí àpáta bá dúdú tó sì tutù, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ó ń yọ̀. Tójò bá ṣú tàbí tí àrá ń sán, ẹ sùn padà.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ má lọ lásìkò ọyẹ́. Mi ò gbà. Lóòótọ́ erukù á gbé àwọn òkè ọ̀ọ́kán mì, àmọ́ oòrùn á pọ́n roboto. Ọ̀tóbà sí Nòfẹ́ńbà ṣá ni tèmi, kùrukùru á sùn sílẹ̀ nísàlẹ̀ bí òwú.

Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ fi aṣọ nu ojú lẹ́ńsì, ìrì á ti bà lé e, ẹ pa fláàṣì, ẹ tẹ ìka mọ́ ẹ̀gbẹ́ oòrùn lójú fóònù títí tó fi máa lọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ gbé e ka òkúta tàbí tripod, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, ẹ lo tímà ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kọ́wọ́ yín má bàa mì í. Ẹ má súùmù. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà, ISO (bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) 100, kí ẹnu lẹ́ńsì wà ní f/8 sí f/11, ẹ ya mẹ́ta lójú kan náà, ọ̀kan á ṣókùnkùn, ọ̀kan á mọ́ níwọ̀n, ọ̀kan á mọ́ jù, ẹ máa pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ọ̀kan nílé. Ẹ má fi ojú wo oòrùn látinú kámẹ́rà, ó lè ba ojú jẹ́.

Tó bá ti yọ, ẹ yí padà wẹ̀yìn! Àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀ á máa dán bíi bàbà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí i.

Ẹ kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà yín sọ̀ kalẹ̀. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ tẹ fọ́tò kan jáde sórí pépà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó mú yín gòkè.